Ọkọ̀ hybrid, ọkọ̀ AWD àti òtútù Minneapolis: ohun tí ojú mi rí

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, ní àdúgbò tí ọ̀nà rẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ pátápátá bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ pupa mọ̀ pé agbára kọ́ ni wọ́n fi ń jáde níbẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń tẹ tọ́tù tó ni táyà ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ tó, títí ọkọ̀ yóò fi fi ikùn lélẹ̀. Nígbà tí mo dé Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní ọdún 2016, tí àwọn tó ti dé ṣáájú mi sì ń fi òjò dídì dẹ́rù bà mí, mo sọ nínú ọkàn mi pé ẹni tó ti bá ẹrẹ̀ jà kò ní í sá fún omi tó dì. Ọdún mẹ́rin, ọkọ̀ méjì àti bọ́ńpà kan ni mo fi mọ ibi tí ẹrẹ̀ àti yìnyín ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mo ń ṣe. Aago mẹ́fà ìdájí ni mo gbọ́dọ̀ wà ní ilé àkọ́kọ́, mo sì máa ń dé ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ìrìn kúkúrú ló pọ̀ jù nínú ìrìn mi: máìlì mẹ́ta síhìn-ín, máìlì márùn-ún sọ́hùn-ún, kí ọkọ̀ sì tún dúró nínú òtútù fún wákàtí méjì. Owó epo ló sún mi dé ìdí ọkọ̀ hybrid àlòkù kan tí mo rà ní ọdún 2018. Ọkọ̀ kékeré ni, táyà iwájú méjì ló ń fà á. Ẹ́ńjìnnì epo àti ẹ̀rọ iná mànàmáná jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ iná náà a máa gba lára agbára eré ọkọ̀, a sì dá a padà sínú bátìrì ńlá. Ní ìgbà ooru, galọ́ọ̀nù epo kan ń gbé mi dé nǹkan bíi máìlì 48, mo sì ń fi ọkọ̀ náà yangàn lójú gbogbo ará ìjọ wa.

Ohun àkọ́kọ́ tí òtútù kọ́ mi nípa rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ohun rere. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù burúkú kan já lé wa lórí. Ó lọ sí 28 nísàlẹ̀ òdo ní òṣùwọ̀n Fahrenheit (°F), atẹ́gùn sì mú kó rí lára bí ẹni pé ó ti kọjá 50 nísàlẹ̀ òdo. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, irun inú imú mi le ganganran bí abẹ́rẹ́. Ní gbogbo àdúgbò, ẹ́ńjìnnì tó ń kérora tí kò sì fẹ́ jí ni mo ń gbọ́. Mo tẹ bọ́tìnì ọkọ̀ tèmi, iná dáṣíbọọ̀dù tàn, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà ìdájí ló ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe níhìn-ín láti nǹkan bí ogún ọdún, ló là mí lóye: bátìrì kékeré tó ní volt 12 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń fi yí ẹ́ńjìnnì, òtútù a sì máa jẹ agbára bátìrì bẹ́ẹ̀ ní àkókò kan náà tó ń mú kí òróró ẹ́ńjìnnì ki bí oyin. Nínú ọkọ̀ hybrid bíi tèmi, bátìrì ńlá àti ẹ̀rọ iná tó lágbára ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ bátìrì kékeré kò sì ju pé kó jí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lọ.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kò rántí sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni mo fi ojú ara mi rí lẹ́yìn tí a lọ sìnkú ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a padà dé, ọkọ̀ náà kú fin-ín. Kọ́kọ́rọ́ kò ṣí ilẹ̀kùn, iná kankan kò tàn. Bátìrì kékeré yẹn ló ti tán. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ẹ́ńjìnnì a máa yí gọ́lọ́gọ́lọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, èèyàn á sì mọ̀ pé bátìrì ti fẹ́ lọ. Ti hybrid kì í kìlọ̀, nítorí kì í ṣe òun ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tó bá kú ni o máa mọ̀ pé ó ti ń ṣàìsàn. Láti ìgbà náà, mo máa ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù kẹwàá kí òtútù tó wọlé.

Epo ńkọ́? Níbẹ̀ ni ìyangàn mi ti dópin. Ní àárín oṣù kìíní náà, máìlì 48 ti di 34. Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé èèyàn bó bá ti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń gbóná. Omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni híítà fi ń mú inú ọkọ̀ móoru, ẹ́ńjìnnì hybrid kò sì lè máa sinmi ní iwájú iná ojú pópó bó ti máa ń sinmi nígbà ooru, nítorí pé bó bá sinmi, híítà yóò tutù. Bátìrì ńlá pẹ̀lú, bí òtútù bá ti mú un, kì í tètè gba iná tí bíréèkì ń dá padà fún un. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú ìrìn láàárín ìlú, ní 20°F, iye máìlì tí ọkọ̀ epo lásán ń rìn lórí galọ́ọ̀nù kan lè fi nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 77°F, nígbà tí ti hybrid lè dín ní 30 sí 34. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí mo rà nítorí ìrìn kúkúrú, ìrìn kúkúrú inú òtútù gan-an ló ń jẹ èrè rẹ̀. Síbẹ̀, máìlì 34 ṣì sàn ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńláńlá àdúgbò wa ń rí nígbà ooru, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí fi mí ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn náà ni oṣù kejì dé. Òjò dídì tó rọ̀ ní Minneapolis ní oṣù kejì ọdún 2019 tó ìnṣì 39, oṣù kejì kankan kò sì tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aago márùn-ún ti fi ogún ìṣẹ́jú kọjá, mo gbé ọkọ̀ jáde sí ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ilé wa. Katakátá tó ń kó òjò dídì ti kọjá ní òru, ó sì ti ti òkìtì kan jọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ga dé agbede orúnkún mi. Ikùn ọkọ̀ mi kò fi ju nǹkan bí ìnṣì márùn-ún lọ ga sílẹ̀. Mo sáré kọlù ú, iwájú ọkọ̀ gun òkìtì, ikùn sì jókòó lé e bí adìyẹ lórí ẹyin.

Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ni, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: kí n rọra tẹ tọ́tù, kí n lọ síwájú díẹ̀, kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ọkọ̀ máa fì títí yóò fi ní agbára láti jáde. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ tọ́tù, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Iná kékeré kan tó ní àwòrán ọkọ̀ tó ń yọ̀ ń ṣẹ́jú sí mi lójú dáṣíbọọ̀dù. Táyà yí ìdajì, ó dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yí ìdajì, ó dúró. Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti pinnu pé òun kò ní í ṣí. Bàbá arúgbó kan tó ń gbé ní òdì kejì jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ó bi mí bóyá mo ti pa ohun tí wọ́n ń pè ní traction control. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà yìí ni kì í jẹ́ kí táyà yí lófo. Bó bá ti rí i pé táyà ń yọ̀, yóò gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àwọn hybrid kan, ó tún le ju ti ọkọ̀ mìíràn lọ, nítorí pé ó ń dáàbò bo ẹ̀rọ iná, kí táyà má baà máa yí fìrìfìrì lófo kó sì já lu ilẹ̀ gbígbẹ lójijì. Lórí ọ̀nà tó ń yọ̀, olùgbàlà ni. Nínú òkìtì tí ọkọ̀ há sí, ó di ẹrù. Bàbá náà tẹ bọ́tìnì, a gbẹ́ abẹ́ ọkọ̀, a da yanrìn síwájú táyà, mo sì jáde ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú ti jókòó sí etí ibùsùn láti aago mẹ́fà, ó ń retí tíì rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, aya mi wo ọwọ́ mi tó ti bó, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ra ọkọ̀ gidi kí eléyìí tó kó bá yín." Ọkọ̀ gidi tó ń wí ni èyí tí gbogbo èèyàn níhìn-ín ń pè ní AWD, tí agbára ẹ́ńjìnnì ń dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ra ọ̀kan ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ epo lásán tí ikùn rẹ̀ ga ju ìnṣì mẹ́jọ lọ. Hybrid di ti aya mi. Ọjọ́ tí òjò dídì àkọ́kọ́ rọ̀, mo gun òkìtì ẹnu ọ̀nà kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rárá. Bí táyà iwájú bá ń yọ̀, ti ẹ̀yìn a ti mú ilẹ̀. Ní iwájú iná ojú pópó, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kúrò, tí àwọn tó kù á ṣì máa gbọ̀n lójú kan. Mo jẹ́wọ́ pé ó dùn mọ́ mi. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí iná pupa wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Eré mi kò ju máìlì 25 ní wákàtí kan lọ. Òtútù ọjọ́ náà ti lọ sísàlẹ̀ 15°F, èyí sì ni ìwọ̀n tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ yìnyín mọ́. Ojú títì dúdú bí ìgbà tó gbẹ, yìnyín fẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò rí ló bò ó. Mo tẹ bíréèkì. Ó ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọkọ̀ sì ń lọ ní tirẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì, bí ẹni tó ń bọ̀ wá kí èèyàn. Mo ráyè ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú mi kí n tó kọlù ú. Kò sẹ́ni tó farapa. Bọ́ńpà mi là sí méjì. Ọkọ̀ akẹ́rù náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan bá òun sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí AWD fi ojú mi rí." Ó bi mí pé, "Àbúrò, nínú ọkọ̀ tí o gbé fún ìyàwó rẹ, táyà mélòó ni bíréèkì ń mú?" Mo ní mẹ́rin. "Nínú èyí ńkọ́?" Mo ní mẹ́rin. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó pè mí síta, níbi tó to táyà sí nínú òtútù. Ó ní kí n bọ́ ìbọ̀wọ́, kí n fi èékánná àtàǹpàkò tẹ táyà tó wà lára ọkọ̀ mi, irú èyí tí wọ́n ń lò tọ̀ọ̀rùn-tòtútù. Ó le bí igi. Ó tún ní kí n tẹ táyà ìgbà òtútù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èékánná mi sì wọlé díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀kọ tó ti dì dáadáa. Rọ́bà táyà yìí ni wọ́n ṣe lọ́tọ̀ kó má baà le bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ 45°F, ojú rẹ̀ sì kún fún àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbá yìnyín mú. Àmì òkè onígóńgó mẹ́ta tí ìràwọ̀ òjò dídì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá táyà tó ti yege ìdánwò òjò dídì mọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó yí ojú tí mo fi ń wo hybrid padà: táyà tí ọ̀pọ̀ hybrid ń bá jáde láti ilé-iṣẹ́ ni èyí tí wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe kó lè yí nírọ̀rùn kí epo má baà tètè tán, ohun tó sì ń yí nírọ̀rùn bẹ́ẹ̀ kì í sábà mú yìnyín dáadáa. Ìdajì ẹ̀sùn tí mo fi kan hybrid náà ní oṣù kejì 2019, táyà ló ni ín.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ká ju táyà ọkọ̀ kan lọ. Ti hybrid kéré, owó rẹ̀ sì fúyẹ́, nítorí náà òun ni mo ra mẹ́rin fún. Táyà iwájú nìkan kò tó, nítorí pé bí iwájú bá mú ilẹ̀ tí ẹ̀yìn kò mú un, ẹ̀yìn ni yóò yí wá síwájú. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ ti lọ tán, èmi àti Ìyá Ìbejì dán ọkọ̀ méjèèjì wò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí òjò dídì ti dì mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Mo fi ṣọ́bìrì fa ìlà, a gbé eré sí máìlì 20, a sì tẹ bíréèkì lórí ìlà náà. Láti ojú kan, AWD ló kọ́kọ́ kúrò ní gbogbo ìgbà, kò tilẹ̀ jọra rárá. Ní ti dídúró, hybrid ló borí: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni AWD fi ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ kọjá ibi tí hybrid dúró sí. Aya mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ hybrid padà lọ́wọ́ mi.

Níbẹ̀ náà ni mo ti fara balẹ̀ gbọ́ bí bíréèkì hybrid ṣe ń ṣe. Bí èèyàn bá rọra tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ iná ló kọ́kọ́ ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, nínú hybrid bíi tiwa sì rèé, táyà iwájú nìkan ló ń fà. Bí táyà bá yọ̀ tàbí tó bọ́ sínú kòtò kékeré, kọ̀ǹpútà a já ti ẹ̀rọ iná sílẹ̀, a sì gbé e fún bíréèkì gidi. Ní ìṣẹ́jú akàn tí wọ́n fi ń gbé e fún ara wọn, a máa rí lára bí ẹni pé ọkọ̀ fò síwájú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè já ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ohun tí mo sọ fún aya mi ni pé kó máa tẹ̀ ẹ́ nìṣó. Bákan náà, jíà tí wọ́n kọ B sí, tó wà fún sísọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, n kì í fọwọ́ kàn án lórí yìnyín, nítorí pé iwájú nìkan ló ń fà sẹ́yìn, ó sì lè mú kí táyà iwájú yọ̀.

Ní ọdún 2022 mo ta AWD elépo náà, mo sì ra hybrid tó tún jẹ́ AWD. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, nítorí wọ́n rò pé ọ̀kan ni èèyàn gbọ́dọ̀ yàn. Nínú tèmi, kò sí irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì láti iwájú lọ sẹ́yìn lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rọ iná mìíràn ni wọ́n fi sí àárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kọ̀ǹpútà ló sì ń pàṣẹ fún un. Ó máa ń yára dáhùn. Ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, orúkọ AWD tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kò sì sọ èyí fún ẹni tó ń rà á. Prius AWD tí Toyota gbé jáde ní Amẹ́ríkà fún ọdún 2019 ní ẹ̀rọ ẹ̀yìn tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin (horsepower) méje péré, ó ń ranni lọ́wọ́ láti ṣí kúrò lójú kan, kì í sì í ṣiṣẹ́ mọ́ bí eré bá ti kọjá máìlì 43. Ti ọdún 2023 ti di ẹṣin 40. Ẹni tó ń gbé lórí òkè gíga tí katakátá kì í tètè dé, irú AWD tí irin gidi ń gbé agbára lọ sẹ́yìn ṣì lè yẹ ẹ́ jù. Èmi kì í gbé lórí òkè.

Ìgbà òtútù 2022 sí 2023 ló dán an wò, nítorí òjò dídì ọdún náà ju ìnṣì 90 lọ. Mo há lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀bi mi sì ni, mo wọ ibi tí òkìtì ga ju ikùn ọkọ̀ lọ. Bí ikùn bá ti jókòó, kò sí iye ẹsẹ̀ tó ń fà tó lè gbà ọ́ sílẹ̀. Epo mi ní oṣù kìíní jẹ́ nǹkan bíi máìlì 30 lórí galọ́ọ̀nù kan, nígbà tí AWD elépo kì í fún mi ju 21 lọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìnáwó táyà nìkan ló burú: bí ọ̀kan bá bàjẹ́ nínú AWD elépo tí mo tà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sábà ń pààrọ̀, nítorí pé bí ojú wọn kò bá dọ́gba, irin tó ń pín agbára yóò jìyà. Mo ṣì ń fi ìṣọ́ra kan náà bá èyí lò.

Ìyá Ìbejì kọ̀ láti fi hybrid àtijọ́ sílẹ̀. Ìpàdé wa pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni, táyà ìgbà òtútù mẹ́jọ la sì máa ń kó lọ. A ń wo atẹ́gùn wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé bí òtútù bá ti fi 10°F lọ sílẹ̀, nǹkan bíi psi kan, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà, á ti lọ lára rẹ̀. Mo máa ń gé páálí dí apá kan ihò iwájú hybrid rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná, mo sì ń yọ ọ́ bí ojú ọjọ́ bá ti yọ́. Ṣọ́bìrì àti àpò yanrìn wà lẹ́yìn ọkọ̀ méjèèjì. Ti òkìtì ẹnu ọ̀nà ni a kò tíì yanjú: ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ló yẹ kó máa gbẹ́ ẹ.